Yàrá Rẹ̀mílẹ́kún ní Agbo Kẹrin

"Ó tó gẹ́ẹ́, Tinú. Ó ti kà ọ́."

Ẹnu ọ̀nà ni Láoyè dúró sí tó ti sọ bẹ́ẹ̀. Kò wọlé. Ó ti tó oṣù márùn-ún báyìí tí kò gbé ẹsẹ̀ kọjá ibi tí ilẹ̀ pálọ̀ parí sí, tí ti yàrá ti bẹ̀rẹ̀. Tinúadé ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ọmọ wọn, ó kọjú sí ògiri, ó gbé ẹnu sún mọ́ imú ògiri náà, àwọn ihò wẹ́wẹ́ kan bí ojú asẹ́ lókè ìrọ̀rí. Ó ń mí sí i bí ẹni tó ń fẹ́ iná tó fẹ́ kú.

Iná kékeré kan tàn wàì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjà.

"Yàrá kìíní, èémí kan," ni ilé wí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tó fi máa ń polówó ọṣẹ. "Yàrá kejì, èémí kan. Ẹ kú ọjọ́ ọjà o. Àpò Rẹ̀mílẹ́kún kò tíì kún lọ́sẹ̀ yìí. Èémí kan, àpò kan."

"A ti gbọ́," ni Láoyè dá a lóhùn, bí ẹni ń lé adìẹ.

Tinúadé dìde jókòó. Ó fa aṣọ ìbora tẹ́ dáadáa, ó gbọn ìrọ̀rí, ó tún gbé e síbi tó wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kejì ni àwọn àpò Gbọ̀ngàn Ìtura, ọjà ńlá tí Agbo márààrún yí ká, tò sí lọ bẹẹrẹ, ogún ó lé díẹ̀, a kò tú ìkankan nínú wọn. Bàtà wà níbẹ̀, ìwọ̀n ẹsẹ̀ Rẹ̀mí. Bisikíìtì alágbọn wà níbẹ̀, irú èyí tí Rẹ̀mí máa ń fi ọwọ́ bò lẹ́nu kí bàbá rẹ̀ má baà bù ú jẹ. Òkú kì í rajà. Gbogbo èrò Agbo ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, Gbọ̀ngàn sì mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni òun ti kú, àfi kó máa bá a rajà.

"Kí lo fẹ́ rà fún un lónìí?" ni Láoyè bi í.

"Ọyẹ́ ti ń bọ̀. Mo rò pé súwẹ́tà ni."

"Súwẹ́tà."

"Aláwọ̀ ọsàn. O mọ̀ pé kò fẹ́ràn dúdú."

Láoyè wo ilẹ̀. Ẹni tó ń tún àtẹ̀gùn arìn ṣe nínú Gbọ̀ngàn ni, ọkùnrin tó máa ń bá irin sọ̀rọ̀ títí irin á fi gbọ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà níwájú rẹ̀ yìí, kò mọ ibi tí à á gbà tú u. Ó ní, "Ẹ̀kọ ti wà lórí tábìlì," ó sì yí padà.

Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló pa Rẹ̀mílẹ́kún. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá gbé e, nítorí bàbá àti ìyá kì í tẹ̀lé òkú ọmọ wọn, wọn kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ náà lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ́yìn odi, kò sì sí ẹni tó sọ fún òbí rẹ̀ bóyá apá òkè ni wọ́n gbà tàbí apá odò. Bó ti yẹ kó rí náà nìyẹn. Àwọn tó wá kí wọn ní, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Tinúadé dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Agbè tí kò ní lè pọn omi mọ́, ìwúlò wo ló kù fún àìfọ́ rẹ̀?

Nítorí náà, nígbà tí kò ti sí ojú oórì tó lè wò, yàrá ló kù.

*

Wolé-wolé Agbo Kẹrin dé kí ẹ̀kọ tó tán nínú àwo. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin gbọọrọ, aláwàdà, tó máa ń gbé ọ̀pá èémí rẹ̀ há abíyá bí agbòòrùn. Àwọn baba ńlá wa ní wolé-wolé tiwọn, tó ń yẹ inú ìkòkò omi wò bóyá ìdin ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Tayé òde òní kì í wo ìkòkò. Ẹni tó ń mí ló ń kà.

"Ìyá Rẹ̀mí! Ẹ kú ọjọ́ ọjà o! Bàbá Rẹ̀mí, ẹ rọra jẹ ẹ̀kọ yẹn, kò ní sá lọ."

Tinúadé rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti ìgbà tọ́ràn ti ṣẹlẹ̀, gbogbo èrò ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kò mọ ohun tí wọn ó máa pè é mọ́. Wọ́n á ní "Ìyá…", wọ́n á gbé e mì, wọ́n á wá ní "Mà." Ọkùnrin yìí tí kò mọ nǹkan kan nìkan ló kù tó ń fi gbogbo ẹnu pe orúkọ náà. Nítorí ìyẹn nìkan, ó fẹ́ràn rẹ̀.

"Ẹ wọlé, ẹ bá wa jẹun."

"Àyè ò sí. Ilé kejì yín ni mo ń lọ. Ogójì ọjọ́ pé lónìí, ọmọ tuntun ti di èémí. Ẹni méjì, yàrá kan; ẹni kẹta, ó di ìta. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin o."

"Bọ́sẹ̀dé ti ní wọ́n rí yàrá," ni Tinúadé wí nípa ìyá ọmọ náà. "Ní Agbo Kejì. Ó ní ìtòsí àtẹ̀gùn arìn ni."

Wolé-wolé wò ó. "Agbo Kejì? Ta ló ń kú ní Agbo Kejì tí yàrá yóò fi ṣófo? Rárá o. Ọkọ̀ Òkè-Erùpẹ̀ ni mo bá wọn pè, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́." Ó mi orí. "Ó dùn mí o. Ẹni ogójì ọjọ́. Omi ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, eruku látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn ọmọ ọwọ́ kì í gbádùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ògiri ò bá sún, èèyàn ni yóò sún. Ó dìgbà kan ná."

Láoyè ti gbé ṣíbí sílẹ̀. Tinúadé kò wò ó. Ó mọ òfin náà bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nínú ọ̀fọ̀ kì í bá ẹlòmíràn ka ọjọ́. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá Rẹ̀mí àti ilé Bọ́sẹ̀dé, ògiri arìn ni, a máa rìn lórí irin bí ilẹ̀kùn ńlá. Bí yàrá kan bá wà láìní èémí, ògiri rẹ̀ yóò wá gbé e, yóò sì fi í fún ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ògiri náà.

Wọ́n gbọ́ ohùn arúgbó kan láti ẹ̀yìn ògiri náà, tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sókè:

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́! Inú ọjà la kúkú ń gbé níhìn-ín, àtàárọ̀ àtalẹ́. Ìgbà wo wá ni àgbà ń bọ̀?"

*

Ìyá ọkọ Bọ́sẹ̀dé ló sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ti abúlé wá wẹ ọmọ, ó gba káàdì àlejò ogójì ọjọ́, káàdì náà sì ń kú lọ lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí Tinúadé wọlé, orí àpótí ló jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sínú bàsíà, ó tẹ́ ọmọ lé ojúgun, ó ń fi omi gbígbóná fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Ẹrù ti wà lẹ́nu ọ̀nà ní dídì. Kò pọ̀. Ibùsùn, àga, fìrísà, Gbọ̀ngàn ló ni wọ́n. Ẹni tó bá ń lọ, aṣọ ọrùn rẹ̀ àti ìkòkò rẹ̀ ni tirẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, onílé ńlá," ni Ìyá Àgbà wí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ni Bọ́sẹ̀dé wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ kí ni? Mo bú u ni? Mo kí i ni. Ẹni tó ní yàrá méjì fún ẹni méjì, kí ni ká wá máa pè é? Onílé tóóró?"

"Ìyá!"

"Ó dáa, mo ti panu mọ́. Akin, gbé apá sókè, jẹ́ kí ìyà yìí tètè tán lára wa." Ó sọ ọmọ sókè lẹ́ẹ̀kan, ó hán an, ọmọ náà fa èémí bí ẹni fẹ́ ké, kò ké.

Bọ́sẹ̀dé di ọwọ́ Tinúadé mú, ó fà á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọdún kan náà ni wọ́n bí òun àti Rẹ̀mí. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni àwọn méjèèjì ti jọ fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà ṣeré, tí ilé ń sọ fún wọn pé, "Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ jọ̀wọ́, àbàwọ́n wà nílẹ̀."

"O ní ẹ rí yàrá," ni Tinúadé wí.

"Mo parọ́, Mọ́mì. Ẹ má bínú."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí oyún mi ti pé oṣù mẹ́jọ."

"O wá ń wò mí."

"Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?" Bọ́sẹ̀dé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Kí n wá kan ilẹ̀kùn yín, kí n ní, Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sin Rẹ̀mí dáadáa, mo fẹ́ gbé ọmọ mi síbi tó ń sùn? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Bàbá Akin ní ká lọ sọ fún wolé-wolé. Mo ní tó bá dán an wò, kó máa bá ìyá rẹ̀ padà sábúlé." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Òkè-Erùpẹ̀ kì í kúkú ṣe ọ̀run. Àwọn èèyàn ń gbé ibẹ̀."

"Àwọn ọmọ ọwọ́ ńkọ́?"

Bọ́sẹ̀dé gbójú sókè. Àṣá méjì, àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé ọjà kiri, fò kọjá lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àpótí aláwọ̀ pupa láàárín wọn. Tinúadé tẹ̀ lé wọn lójú títí wọ́n fi dé òrùlé Gbọ̀ngàn, tó ń dán lójú oòrùn bí ìsàasùn tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé. Ojú gbogbo ilé tó wà ní Agbo márààrún ló kọ síbẹ̀.

"Èémí mi ló wà nínú yàrá yẹn," ni ó wí nígbẹ̀yìn, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo rò pé èmi nìkan ló ń ná ní nǹkan."

*

"Èèwọ̀ ni," ni Láoyè wí, nígbà tó gbọ́ pé ó fẹ́ yọ̀ǹda yàrá náà.

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì ń sọ ọ́? Ògiri kì í dá rìn, Tinú! Láti ìgbà tó ti tẹ arúgbó kan mọ́lẹ̀ ní Agbo Kejì, wọ́n ti sọ ọ́ di òfin pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilé gbọ́dọ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e títí yóò fi débi tó ń lọ. Ìwọ lo ní ìwé ilé. O ti ń gbé níbí kí n tó fẹ́ ọ. Ìwọ ni yóò dúró tì í. Ìwọ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ pa ojú ibẹ̀ dé. Kí ló kù tí ìyẹn fi yàtọ̀ sí kí o mú ọkọ́?"

"Kò yàtọ̀."

"Ọmọ ló ń sin òbí."

"Ọmọ ti lọ, Láoyè."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nínú ilé náà. Wọ́n ti ń rọra yí i ká fún oṣù márùn-ún, bí ẹni ń yí kànga tí kò ní ìdérí ká. Láoyè jókòó. Ó ní, lóhùn tó ti rọ̀, "Mo lè bá ẹ̀rọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo lè já wáyà kan, kó rò pé ọwọ́ wà níbẹ̀."

"Ṣé yóò sì mọ ibi tí yóò dúró?"

Ó rò ó. Olóòótọ́ ènìyàn ni. "Rárá," ni ó wí. "Kò ní mọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Pe wolé-wolé."

Wolé-wolé padà wá pẹ̀lú àwàdà lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwàdà náà kò kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó wo ibùsùn. Ó wo àwọn àpò tó tò lọ bẹẹrẹ, tí okùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣì wà ní dídì bí Gbọ̀ngàn ti dì í. Ó tẹ̀ba, ó ka ọjọ́ tó wà lára àkọ́kọ́, ó ka ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì dìde díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ ní yàrá ti ṣófo. Ṣé Rẹ̀mílẹ́kún ti kó lọ ni?"

"Ó ti lọ," ni Tinúadé wí.

"Agbo wo ló…" À ń sunkún, à ń ríran. Ó rí ojú obìnrin náà, ó sì rí ìyókù. Ó sáré ṣí fìlà orí rẹ̀, ó fi bo ojú ọ̀pá èémí, ó wé e mọ́ ọn gírígírí.

"Láti oṣù…" ni Láoyè bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má sọ ọ́ fún mi, Bàbá. Ọ̀pá yìí ń gbọ́ràn. Ẹni tó bá fi èémí ẹlòmíràn di yàrá mú, gbogbo ilé náà ni wọ́n ń lé. Èmi ò rí nǹkan kan. Ojú ń dùn mí láti àná." Ó yíjú sí Tinúadé, ó ṣí ẹnu láti pè é bó ti máa ń pè é, ó sì gbé e mì. "Mà," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Agogo mẹ́rin ń sún mọ́lé. Ẹ palẹ̀ ẹrù mọ́."

Ó ti di "Mà" lẹ́nu òun náà. Kò sí ẹni tó ṣẹ́kù.

Àwọn àpò ni Gbọ̀ngàn kọ́kọ́ gbà padà, nítorí ọjà tí a kò tú, ọjà ni síbẹ̀. Àṣá ń wọlé lójú fèrèsé, wọ́n ń gbé e ní méjì méjì. Súwẹ́tà aláwọ̀ ọsàn kò sí nínú wọn. Kò tíì rà á. Lẹ́yìn náà ni àṣá mẹ́rin wá gbé ibùsùn. Bí wọ́n ti ká aṣọ rẹ̀ kúrò, Tinúadé rí ojú ihò tó wà láàárín tìmùtìmù, ibi tí ara ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbé e. Ihò náà fẹ̀, ó kúrú. Rẹ̀mí gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìgbálẹ̀ àjà. Ara Tinúadé fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Oṣù márùn-ún tó fi ń tọ́jú àyè ọmọ rẹ̀, òun ló ti ń fi ara pa á rẹ́ lójoojúmọ́, kò sì mọ̀.

Ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ.

Ohun tó kù kò ju ẹ̀kún ọwọ́ kan lọ: ìyarun kan, gèlè kan, ìgò òrí kan tó ti lọ sí ìdajì. Láoyè ló gba ìgò náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ó kọjá ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́, ó gbà á, ó sì tú ìdérí rẹ̀. Ojú ìka wà nínú òrí náà, ìka ìfábẹ̀lá Rẹ̀mí, bó ti bù ú gbẹ̀yìn, ó jinlẹ̀, ó hàn kedere títí dé ojú èékánná. Láoyè wò ó. Ó na ìka tirẹ̀ bí ẹni fẹ́ fi kàn án, ó sì ká a kò kíá. Ó dé e padà, ó gbá a mọ́ àyà, ó jáde kúrò nínú ilé lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ìta. Òun kò ní lè wà níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tó ní kó wà níbẹ̀.

*

Ní agogo mẹ́rin ku díẹ̀, Tinúadé dúró níwájú ògiri. Fèèrè ọkọ̀ Òkè-Erùpẹ̀ ti ń dún ní ìsàlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀, kò lọ síwájú, kò padà.

"Ẹ dúró, Mọ́mì."

Bọ́sẹ̀dé ló wọlé. Ó ti di gèlè mọ́ ìdí bí ẹni fẹ́ ṣiṣẹ́. "Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ," ni ó wí, "wọn ò jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní aboyún kì í lọ síbi ìsìnkú. Inú ilé ni wọ́n tì mí mọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ wa bu yẹ̀pẹ̀ sí i, àfi èmi." Ó dúró, ó mí. "Ẹ̀yin òbí kì í sin ọmọ. Ẹ kẹ̀yìn sí i, Mà. Ẹ fi ọwọ́ yín sẹ́yìn báyìí, kó kan ògiri. Ọwọ́ mi ni yóò wà lórí rẹ̀. Èmi ni mo ń sin ọ̀rẹ́ mi. Ọwọ́ yín kàn wà lábẹ́ tèmi ni."

Wolé-wolé tó wà lẹ́nu ọ̀nà tún wé fìlà mọ́ ọ̀pá èémí gírígírí.

Tinúadé yí padà. Ó kọjú sí pálọ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì kan ògiri. Ó tutù. Ọwọ́ Bọ́sẹ̀dé bọ́ sórí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó gbóná, ó rí bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ aṣọ ọmọ.

"Ọwọ́ onílé," ni ilé wí. "A ti dá a mọ̀. Ẹ rọra o."

Ògiri rìn.

Kò yára. Ìṣísẹ̀ kan, yóò sinmi. Ìṣísẹ̀ kan, yóò sinmi. Ó ń ti Tinúadé lẹ́yìn bí ẹni ń ti alárùn jẹ́jẹ́ lọ síbi tó ti yẹ kó lọ, ó sì ń lọ, ojú rẹ̀ síwájú. Bọ́sẹ̀dé ń fi ẹ̀yìn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó ń wo ohun tí òbí kò gbọ́dọ̀ wò.

"Ṣé ó ti kọjá ibi fèrèsé?" ni Tinúadé bi í.

"Ẹ má bi mí, Mà."

"Abẹ́ fèrèsé yẹn ló máa ń jókòó sí tó bá ń di irun."

"Mo mọ̀. Ẹ má bi mí."

Ìṣísẹ̀ kan. Ìsinmi. Nígbà tí wọ́n dé àárín yàrá, Tinúadé fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Kò pinnu rẹ̀. Ọwọ́ náà ló dá yọ. Ògiri dúró gbagidi.

"Ọwọ́ ti kúrò," ni ilé wí. "Ṣé ẹ fẹ́ tẹ̀ síwájú, àbí ẹ fẹ́ fagi lé e?"

Fèèrè ọkọ̀ tún dún nísàlẹ̀. Ìdajì yàrá ṣì wà níwájú Tinúadé, ó mọ́, ó ṣófo, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ wà nílẹ̀ rẹ̀. Ènìyàn lè gbé nínú ìdajì yàrá. Ó lè tẹ́ ẹní sí i. Kò ní gba àyè púpọ̀. Wolé-wolé ń wo bàtà rẹ̀. Bọ́sẹ̀dé kò bẹ̀ ẹ́, kò sì fi ọwọ́ kàn án.

Ní ẹ̀yìn ògiri ni ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Igbe ebi ni, tín-ín-rín, tó ń já lójijì tó tún ń so pọ̀. Iwájú aṣọ Bọ́sẹ̀dé rin fún omi ọmú lápá kan, lẹ́yìn náà lápá kejì. Síbẹ̀ kò kúrò lójú kan.

"Ọmọ rẹ ń ké," ni Tinúadé wí.

"Mo gbọ́."

"Lọ fún un lọ́mú."

"Tí a bá parí, Mà. Mi ò ní fi yín sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà."

Tinúadé dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí ọmọ náà fi ké lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sẹ́yìn, láìwẹ̀yìn, ó wá ògiri náà kiri bí afọ́jú ti ń wá apá àga, ó sì rí i. Ọwọ́ Bọ́sẹ̀dé tún bọ́ lé e.

"Ó dàárọ̀, Rẹ̀mí," ni Bọ́sẹ̀dé wí fún ògiri, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Wọ́n rìn ín dé òpin. Nígbà tí ẹsẹ̀ Tinúadé kan ilẹ̀ pálọ̀, ohun kan dún pẹ́kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí ohun tí kò rìn mọ́. "Yàrá kan," ni ilé wí. "Ẹ kú ìfọwọ́sowọ́pọ̀." Bọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ fún un, ó dìde, ó sì sáré jáde lọ bá ọmọ rẹ̀. Láìpẹ́, igbe náà já, kò sì so pọ̀ mọ́. Nísàlẹ̀, ọkọ̀ Òkè-Erùpẹ̀ lọ láìgbé èrò.

Nígbà tí Láoyè wọlé, ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó wà, tó ṣì kẹ̀yìn sí ògiri, tó ń wo ọ̀nà. Kò bi í ní nǹkan kan. Òbí kì í béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí, òbí kì í sì í wo ibẹ̀. Ó gbé ìgò òrí sórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ó lọ síbi àga ńlá tí ojú rẹ̀ kọ sí ògiri náà, ó gbé e, ó yí i padà. Ó yí àga kékeré. Ó yí àpótí ìtìsẹ̀. Tinúadé mú apá kan tábìlì, òun mú apá kejì, wọ́n sì jọ yí i.

Títí di òní, bí o bá wọ ilé wọn ní Agbo Kẹrin, ẹ̀yìn gbogbo àga ni ìwọ yóò rí lápá ibẹ̀. Wọn yóò fún ọ lómi, wọn yóò bi ọ́ léèrè ará ilé, ìwọ náà yóò sì jókòó bí wọ́n ti jókòó. Bí ọmọ bá ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri, wọn yóò dákẹ́ díẹ̀ títí yóò fi rẹ́rìn-ín tán, wọn kò sì ní bojú wẹ̀yìn.